Ìyá Àgbà Ń Dáhùn: Ìpalẹ̀mọ́ fún Pàjáwìrì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ata ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba, Ìlọrin. Owó kò tó. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà de pàjáwìrì?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, omi ni. Lóru tí àgbàrá ya wọlé wa lẹ́bàá odò Asà, ẹrẹ̀ kún kànga. Kẹ́ẹ̀gì méjì onílítà 25 ló gbà wá. Ra àlòkù kan lóṣù yìí, àmọ́ má ra èyí tó gbé bẹntiróòlù rí, mo bẹ̀ ọ́! Tọ́ọ̀ṣì lè dúró dòṣù tó ń bọ̀. Máa bu gàrí ife kan pamọ́ lọ́jọ́ tọ́jà bá tà.

Tọ́jú ṣúgà àti iyọ̀ náà. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ omi mímọ́ lítà 1. Kí ṣíbí tẹ́jú, má jẹ̀ẹ́ kó gogo. Iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọdé. Máa fún un díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lọ sílé ìwòsàn.