Ṣé Lésà Lè Gba Awò Lójú Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 23 ni mí, mo sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń lo awò nítorí pé n kì í rí ọ̀ọ́kán dáadáa, wọ́n sì tún fún mi ní èyí tó lágbára sí i lọ́dún yìí. Bàbá mi ń lo oògùn glaucoma, àìsàn tí ìfúnpá inú ẹyinjú sábà máa ń fà, tó sì lè fọ́ ojú. Ṣé kí n lọ ṣe iṣẹ́ abẹ lésà? — Olùkọ́, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́, ẹ má tíì ṣe é lọ́dún yìí. Nínú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní LASIK, dókítà á kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, á ṣí ìpele òkè awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú ẹyinjú bí ìdérí, á fi lésà fá díẹ̀ nínú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, á sì da ìdérí náà padà. Awọ yìí kò nípọn tó mìlímítà kan, ohun tí wọ́n bá sì fá kúrò kì í hù padà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fẹ́ kí agbára awò ti dúró sójú kan fún nǹkan bí ọdún kan, nítorí ojú tó ṣì ń yí padà yóò tún béèrè awò.

Ọ̀rọ̀ bàbá yín ló ká mi lára jù. Glaucoma a máa rìn nínú ẹbí, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Bí lésà bá ti sọ awọ náà di tínrín, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá inú ẹyinjú lè máa ka iye tó kéré sí bó ti rí gan-an, kí dókítà tí kò mọ̀ pé ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ sì dá yín padà sílé pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí dókítà ojú wọn ìfúnpá náà, kí ó wo bí awọ náà ṣe nípọn tó, kí ó yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú wò, kí ẹ sì tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ojú a máa gbẹ fún ìgbà díẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́, iná ọkọ̀ sì lè máa tàn yíká lójú ẹni lálẹ́. Ìwé àyẹ̀wò bàbá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mú dání lọ bá dókítà.