Sà, kò yé mi

Àbúrò mi àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí Ìkọ̀lé, o béèrè pé yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú sílébọ́ọ̀sì, kí ni àwa tísà àtijọ́ ń fẹ́ kí ọmọ kọ́ lọ́wọ́ wa. Mo ti ka ìdáhùn àwọn tó ṣáájú mi: ìwà ọmọlúàbí, ìbẹ̀rù Ọlọ́run, ká tẹpá mọ́ṣẹ́. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n tèmi ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun kan ni mo ń wá lẹ́nu ọmọ, kó lè dìde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ní, "Sà, kò yé mi."

Má tíì rẹ́rìn-ín.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjerò. Ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà yẹn, October 1996 ni wọ́n yọ wá lára Oǹdó. Ara mi gbóná. Pankẹ́rẹ́ mi lórúkọ tí àwọn ọmọ sọ ọ́, "Àlàyé" ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá ti ṣe ìṣirò kan tán lójú pátákó, màá yíjú sí wọn: "Ṣé ó yé yín?" Kíláàsì á hó gèè: "Ó yé wa, sà!" Inú mi á dùn, màá nu pátákó.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ò bá wọn hó. SS1 ni wọ́n. A ń ṣe ibi tí nọ́ńbà ti ń kọjá sí òdì kejì àmì ọgbọọgba (=), tí pọ́lọ́ọ̀sì á di máínọ́ọ̀sì. Ó nawọ́. Ó ní, "Sà, ta ló yí àmì yẹn padà?" Ẹ̀rín pa gbogbo kíláàsì. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo pè é jáde, mo nà án lẹ́gba mẹ́fà. Ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé èmi gan-an ò mọ èsì ìbéèrè yẹn. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn: tó bá kọjá, ó yí. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí, èmi náà ò sì gbọ́dọ̀ béèrè.

Ọmọ yẹn ò nawọ́ mọ́. Kò yájú sí mi o. Á jókòó, á da ohun tó wà lójú pátákó kọ, á sì bá wọn pariwo pé ó yé wọn. F9 ló gbé nínú ìṣirò nígbà tí wọ́n ṣe WAEC.

Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́sàn-án mo gun ọ̀kadà kan l'Ádó, kí n tó wo ojú ẹni tó ń gùn ún, òun ti ń kí mi. Ọmọ yẹn ni. Bá a ṣe ń lọ ló ń ṣírò fún mi, iye lítà epo tó ń rà lóòjọ́, iye ìrìn tó gbọ́dọ̀ rìn kí owó epo tó jáde, iye tó máa fi sílẹ̀ fún táyà. Orí ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, láàárín gọ́tà àti kòtò. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, kò gbowó. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, sà." Ó wa ọ̀kadà rẹ̀ lọ, èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. (Ọ̀kadà kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀sín, ó ti fi kọ́lé báyìí. Kì í ṣe ìyẹn ni mò ń sọ.)

Mo padà sídìí ìbéèrè rẹ̀. Mo kó iṣu wọ kíláàsì (ẹ̀yin ará ilé, mo mọ̀ pé uṣu ni), mo fi igi ṣe òṣùwọ̀n. Àpò kan pẹ̀lú iṣu mẹ́ta wà lápá kan, iṣu mẹ́wàá wà lápá kejì. Bó o bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú àpò, yọ mẹ́ta lápá yìí, àfi kó o yọ mẹ́ta lápá ọ̀hún kí òṣùwọ̀n má baà fì sápá kan. Kò sí nọ́ńbà tó kọjá síbì kankan. Kò sẹ́ni tó yí àmì. A yọ ọ́ lápá méjèèjì ni. Ṣé o rí i pé kò le?

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo dẹ́ṣẹ̀ sí òfin ilé ìwé, mo sọ fánákúlà. Mo ní kí wọ́n pe 45 ní Yorùbá. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n, ọmọbìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà: márùndínláàádọ́ta. Mo ní kó tú u. Àádọ́ta, yọ márùn-ún. Àádọ́ta ńkọ́? Ọgọ́ta, yọ mẹ́wàá. Ọgọ́ta? Ogún lọ́nà mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: 20 × 3 − 10 − 5. Mo ní, "Ìyá àgbà tó ń ka iṣu lọ́jà ti ń ṣe máínọ́ọ̀sì kí WAEC tó dáyé, ẹ̀yin sì ń sá fún un." Àwọn tí bàbá wọn ń fi igba ebè ka iṣẹ́ lóko ni wọ́n kọ́kọ́ jí sí i.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní mò ń ba ọmọ jẹ́. Ní Èkìtì wa yìí, tá a fi ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe fáàrí bí ẹni fi aṣọ òkè ṣe é, ìtìjú ni kí ọmọ sọ pé òun ò mọ nǹkan. Ìyá rẹ̀ ti ta kòkó nítorí ìwé rẹ̀, kó wá sọ pé kò yé òun? Á kúkú pariwo pé ó yé òun. Tí ìdánwò bá dé, òun náà ni oníbàárà àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń ta èkìsípò lórí WhatsApp. Bẹ́ẹ̀ ìbéèrè 13 ló wà nínú bébà kejì ìṣirò WAEC, 10 ni wọ́n máa dáhùn, ọ̀nà tó o gbà ṣe é sì ní máàkì tirẹ̀ kódà bí ìdáhùn bá ṣì. Èkìsípò tó ò mọ ìdí rẹ̀, bó bá ti ṣì, ó parí nìyẹn.

Nítorí náà, àbúrò, má bi wọ́n pé ṣé ó yé yín. Pín bébà kékeré, kí wọ́n kọ ibi tó ti dà rú mọ́ wọn lójú, kí wọ́n má kọ orúkọ. Má sì kà á níwájú wọn.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òfìfo ni wọ́n máa dá padà. Bébà 41 ni mo gbà, 41 ló mọ́ lóló. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹnì kan kọ "Láti JSS2 ni, sà." Kò kọ nǹkan míì. Mo ká bébà yẹn sínú Bíbélì mi, ó ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ń dí pátákó, a kì í rí ohun tẹ́ ẹ ń kọ."

Lọ́jọ́ kejì mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.