Báwo ni mo ṣe lè fi fóònù la fọ́ńṣọ̀n yé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ NCE ní ìṣirò. Wọ́n mọ tébùlù ṣe, wọ́n sì mọ gíráàfù yà, àmọ́ bí mo bá ní kí wọ́n sọ ohun tí gíráàfù náà ń wí, wọn á dákẹ́ lọ gbári. Ẹnìkan ní kí n lo GeoGebra, áàpù ìṣirò tó ń ya gíráàfù. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bí dátà ṣe wọ́n yìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kí ti dátà dà yín láàmú. Ọ̀fẹ́ ni GeoGebra, bó bá sì ti wọlé sórí fóònù, ó ń ya gíráàfù láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù kan tó ẹni mẹ́ta: ẹnìkan á máa fa nǹkan lójú rẹ̀, ẹnìkan á máa kọ ohun tí wọ́n rí, ẹnìkẹta á máa béèrè ìdí.

Àwòrán lásán ni àwọn ọmọ yín ka gíráàfù sí. Wọn ò tíì rí i pé iye méjì ló ń yí pa pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ìlà pamọ́ fún wọn. Kí wọ́n tẹ f(x) = x² − 4x, kí wọ́n sì tẹ àmì róbótó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìlà náà pòórá. Kí wọ́n wá tẹ A = Point(xAxis), ìyẹn ojú àmì kan tó ń rìn lórí ìlà x, lẹ́yìn náà B = (x(A), f(x(A))). Nínú ètò B, kí wọ́n tan Show Trace, kó lè máa fi ipasẹ̀ sílẹ̀.

Ó di kí wọ́n fa A jẹ́jẹ́ láti 0 sọ́wọ́ ọ̀tún. B á máa rì títí dé −4 nígbà tí A bá dé 2, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí A bá sì dé 4, B ti padà sí 0. Ẹ wá bi wọ́n pé: “Ojú àmì A kò padà sẹ́yìn rárá, kí ló dé tí B fi yí padà?” Bí ìbéèrè yìí bá gba odindi kíláàsì kan, ẹ jẹ́ kó gbà á. Òun gan-an ni fọ́ńṣọ̀n: iye kan wọlé, iye kan ṣoṣo jáde.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó kan f(x) = (x − h)². Áàpù náà á fi ohun tí ẹ ó máa fà fún h síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án, kí kálukú kọ ọ́ sínú ìwé: bí h bá kúrò ní 0 tó di 3, apá ibo ni gíráàfù ń lọ? Ọ̀pọ̀ á kọ òsì, torí àmì àyọkúrò tí wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n bá rí i tó gba ọ̀tún lọ, kí wọ́n wá iye x tó ń sọ àkámọ́ yẹn di òfo. Láìkọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, àwòrán á máa jó, kíláàsì á máa pariwo, ohun tí wọ́n gbà lọ́kàn ò ní yí padà. Mo ti rí i púpọ̀, ó sì ń dùn mí.

Fún x² + y² = 25, tí gíráàfù rẹ̀ rí róbótó, kí wọ́n fa ìlà x = a kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí x bá jẹ́ 3, á bá a pàdé níbi tí y ti jẹ́ 4 àti níbi tó ti jẹ́ −4. Iye kan ṣoṣo wọlé, méjì jáde: kì í ṣe fọ́ńṣọ̀n.

Torí pé olùkọ́ ni wọ́n ń lọ dà, ẹ ní kí kálukú mú ìbéèrè kan wá tí yóò bi ọmọ SS2 kó tó jẹ́ kó fa ohunkóhun, pẹ̀lú èsì òdì tó rò pé ọmọ náà á sọ, àti ohun tí òun náà yóò fi fèsì. Ìyẹn ni kí ẹ fún ní máàkì, kì í ṣe bí àwòrán ṣe rẹwà tó.