Kì í ṣe inverter ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ yín nílò

ÌBÉÈRÈ: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ni mo fi ń kó èrò àti gàrí láti Ìwòpin lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọmọ mi ra kọ̀ǹpútà kékeré kan fún mi, Raspberry Pi 4, pẹ̀lú sikirínì àti ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tó ń gba rédíò, kí n lè máa wo ọ̀nà lórí máàpù, kí n sì máa rí àwọn ọkọ̀ ńlá tó bá wà nítòsí. Rẹwáyà wa so inverter 1000 watt mọ́ bátìrì ẹ́ńjìnnì, ó wá ki ṣájà kọ̀ǹpútà bọ inverter náà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti sítáàtì ẹ́ńjìnnì ni kọ̀ǹpútà ń kú. Kò sì fi ọkọ̀ kankan hàn mí rí. Rẹwáyà ní inverter náà ló kéré, kí n lọ ra 2000 watt. Irú èwo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ra ìkankan. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ yẹn pàápàá, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó tún kó èrò.

Mo mọ̀ pé èsì tí ẹ ń retí kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inverter yìí ti sú mi. Ní gbogbo etí ọ̀sà, bí ẹnikẹ́ni bá ti fẹ́ lo ohunkóhun tó ń jẹ iná, inverter ni wọ́n máa ń tà fún un. Ohun tó fa àṣìṣe náà ò ju ẹnu ṣájà lọ. Wọ́n rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ni wọ́n ń ki ṣájà kọ̀ǹpútà bọ̀, wọ́n bá gbà pé 220 volt ni kọ̀ǹpútà ń jẹ. Kò jẹ ẹ́ rí. Volt 5 péré ló ń jẹ. Ṣájà yẹn gan-an ló ń bá a sọ 220 di 5.

Bátìrì yín jẹ́ 12 volt. Inverter gbé 12 gòkè lọ sí 220, ṣájà tún fà á wálẹ̀ sí 5. Ó dà bí ẹni tó ń lọ láti Ìjẹ̀bú-Òde sí Àgọ́-Ìwòyè tó kọ́kọ́ gba Ìbàdàn lọ. Bátìrì yín ló ń san gbogbo owó ọkọ̀ náà. Kọ̀ǹpútà, sikirínì àti ẹ̀rọ rédíò yín lápapọ̀ kò ju nǹkan bíi watt 10 lọ. Tí ẹ bá lo converter tó ń sọ 12 di 5 tààrà, nǹkan bíi watt 11 ló máa jáde lára bátìrì, ìyẹn kò tó amp kan. Tí ẹ bá gba ọ̀nà inverter, ṣájà á jẹ tirẹ̀, inverter á jẹ tirẹ̀, inverter tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ sì lè máa jẹ watt 10 fún ara rẹ̀ nìkan, kódà bí ẹ kò bá so nǹkan kan mọ́ ọn. Àpapọ̀ rẹ̀ á sún mọ́ watt 24, amp 2. Èyí tó bá tún tóbi jù ú lọ, àjẹyó tirẹ̀ náà máa ń pọ̀ sí i ni.

Ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń kú nìyí. Nígbà tí ẹ bá ń sítáàtì, ẹ́ńjìnnì a máa gba iná gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, agbára bátìrì á sì já wálẹ̀ láti 12 lọ sí 10 tàbí 9 fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Wọ́n ti ṣe inverter pé kó pa ara rẹ̀ tí bátìrì bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó báyìí, kó má bàa ba bátìrì jẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Bí ẹ bá ra 2000, tàbí 5000, ohun kan náà ló máa ṣe.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹ gbé iná 220 volt sínú ọkọ̀ tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí àwọn èèyàn fi ẹsẹ̀ òfìfo jókòó sínú rẹ̀, tí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sì wà lẹ́yìn. Bátìrì 12 volt lè jó wáyà bí kò bá ní fíúsì, ṣùgbọ́n 220 lè pa èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó ké. Ẹ jọ̀ọ́.

Ti rédíò ńkọ́? Láìpẹ́ yìí mo wọ ọkọ̀ oníbàárà kan ní èbúté Ẹ̀pẹ́ tó ní ẹ̀rọ òun kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní rédíò kékeré oníbátìrì kan tí mo máa ń mú dání. Mo yí i sí ilé-iṣẹ́ kan tó jìnnà, tí ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn ń wọlé fẹ́ẹ́rẹ́. Mo wá rọra gbé e sún mọ́ inverter. Kó tó ku ìgbọ̀nwọ́ kan, ohùn ọkùnrin náà ti rì, gbogbo rẹ̀ di ṣìì, bí dòdò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú epo gbígbóná. Mo pa inverter, ọkùnrin náà sì padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ariwo iná tí inverter ń gé wẹ́wẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ló ń jáde gba ojú wáyà wọ inú áńtẹ́nà. Àmì tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń rán jáde, tí a ń pè ní AIS, máa ń wá lórí 161.975 àti 162.025 megahertz, ó sì ti tẹ́ẹ́rẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kò lè borí irú ariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ dán ohun tí mo ṣe yìí wò fúnra yín kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́.

Ohun tí ẹ máa ṣe kò pọ̀. Ẹ wá bátìrì kékeré 12 volt mìíràn fún kọ̀ǹpútà nìkan, kí ti ẹ́ńjìnnì dá dúró. Lithium LiFePO4 tó jẹ́ amp-hour 20 á gbé e fún ọjọ́ kan gbáko. Ẹ fi ṣájà tí wọ́n ṣe fún irú bátìrì yẹn gba agbára sí i nílé, tàbí pánẹ́ẹ̀lì sólà pẹ̀lú controller rẹ̀. Ẹ fi fíúsì amp 5 sí wáyà pupa, kó sún mọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí. Lẹ́yìn náà ni converter 12 sí 5 volt tó lè gbé amp 3 ó kéré tán, kó jẹ́ èyí tí wọ́n fi irin bò. Òun náà ń gé iná wẹ́wẹ́, n kò ní purọ́ fún yín, nítorí náà ẹ gbé e jìnnà sí áńtẹ́nà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ra converter tó dára ni wáyà. Wọ́n á gbé converter sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, wọ́n á wá fi okùn ṣájà fóònù, gígùn rẹ̀ mítà kan tàbí méjì, fa iná lọ sí kọ̀ǹpútà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn lè jẹ ju ìdajì volt lọ lójú ọ̀nà tí amp 2 bá ń gba inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà yín kì í fẹ́ kí agbára rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ volt 4.63. Tó bá ti lọ síbẹ̀, ẹ máa rí àmì mànàmáná kékeré ní igun sikirínì, á máa falẹ̀, á máa kú, káàdì tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ á sì bàjẹ́ níjọ́ kan. Ẹ yí i padà: kí ọ̀nà tó gùn jẹ́ ti 12 volt, kí wáyà rẹ̀ sì nípọn tó 2.5 mm² bíi ti sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, àmọ́ kó jẹ́ oníwáyà wẹ́wẹ́ nínú, torí ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì máa ń ṣẹ́ èyí tó jẹ́ ẹyọ kan. Converter ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, kí okùn 5 volt má ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi míítà wọn ẹnu rẹ̀. Tó bá kọjá volt 5.25, ẹ má ki í bọ kọ̀ǹpútà rárá.

Ẹ má retí pé ọkọ̀ pọ̀ máa kún sikirínì o. Òfin àgbáyé fi AIS dandan lé àwọn ọkọ̀ òkun ńlá lórí, àwọn tó tó gross ton 300 tó ń ti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Ọkọ̀ pákó tó ń bọ̀ níwájú yín kò ní in. Ìtì igi abẹ́ omi àti ewéko ojúoró kò ní in. N kò rí ọkọ̀ yín lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ iṣẹ́ bátìrì wò ó kí ẹ tó tan nǹkan kan. Ti ìrìnàjò òru, NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi, ti fòfin dè é, kọ̀ǹpútà kò yí ìyẹn padà.

Ẹ ya fọ́tò ìwé tó wà lára converter tí wọ́n bá fẹ́ tà fún yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó sanwó.