Nọ́ńbà NAFDAC kọ́ ni ìrẹsì inú kúlà nílò

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìrẹsì, mọ́ínmọ́ín àti ẹran díndín ni mo fẹ́ máa sè nílé mi ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà, kí àbúrò mi ọkùnrin máa fi kẹ̀kẹ́ Maruwa gbé e lọ tà lágbègbè ọjà Atákúnmọ́sà lọ́sàn-án. Ẹ̀jẹ́ǹtì kan ní òun á bá mi gba nọ́ńbà NAFDAC láàárín ọjọ́ mẹ́ta, pé bó bá ti wà lára kúlà mi, kò sẹ́ni tó máa dá mi dúró mọ́. Mo ti san ìdajì owó. Ṣé kí n san ìyókù? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má san kọ́bọ̀ kún un. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín dé ibi "ọjọ́ mẹ́ta", inú bí mi. Irú ẹ̀jẹ́ǹtì yìí ti pọ̀ jù ní Iléṣà àti Ifẹ̀, owó tí olóúnjẹ ìbá fi ra ìkòkò ni wọ́n ń gbà lọ.

Ìrẹsì tí ẹ bù fún èèyàn ní gbígbóná, tó jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà, NAFDAC kì í fún un ní nọ́ńbà. Ohun tí a ṣe, tí a dì pa, tí a lẹ lébẹ́lì mọ́, tó máa wà lórí àtẹ títí ẹni tí kò mọ ẹni tó ṣe é á fi wá rà á, ìyẹn ló ń gba nọ́ńbà: ṣin-ṣín inú ọ̀rá, zóbò inú ike, èlùbọ́ tí a wọ̀n tí a sì lẹ̀ pa. Ọjà kan ló ni nọ́ńbà kan. Kò ṣe é yá, kò ṣe é tà. Kódà bí ẹ bá gba ti ṣin-ṣín, kò bo zóbò yín. Kí wọ́n tó fún yín, ẹ ó kọ̀wé béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn á wá wo ibi tí ẹ ti ń ṣe é, wọn á mú lára ọjà náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ọjọ́ mẹ́ta fẹ́ tó?

Nígbà tí mo ṣì ń ṣe wolé-wolé, obìnrin kan gbé ike zóbò wá fi hàn mí, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun ti gba nọ́ńbà. Mo fi àtàǹpàkò tó tutù ra lébẹ́lì náà, yíǹkì bó sí mi lọ́wọ́. Mo ní kó lọ mú ọ̀rá búrẹ́dì tí wọ́n jẹ láàárọ̀ wá láti ìdí ààtàn. Nọ́ńbà ara búrẹ́dì náà ni wọ́n dà kọ fún un, kò yẹ̀ lẹ́yọ kan. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ òfin bá tẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tà á ni wọ́n á kọ́kọ́ mú.

Ta ló wá ń rí sí oúnjẹ tiyín? Káńsù ni. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, nínú Àfikún Kẹrin, fi ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti ibi yòówù tí a ti ń ta oúnjẹ fún aráàlú sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọlanke àti bárò náà wà níbẹ̀. Iléṣà ní káńsù Ìlà-Oòrùn àti ti Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ lọ sí èyí tí ilé yín wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀ka wolé-wolé, kí ẹ sì sọ ibi tí kẹ̀kẹ́ á máa dúró sí, nítorí ó lè jẹ́ pé káńsù kejì ló ni ibẹ̀. Wọn á wo omi yín, gọ́tà, ibi tí ṣáláńgá wà, ibi tí ẹ ń da ìdọ̀tí sí. Owó tí wọ́n bá dá, ẹ san án sí àpò káńsù, ẹ gba rìsíìtì. Mi ò ní dárúkọ iye kankan, torí ó ń yí padà. Ìwé CAC dára, ṣùgbọ́n orúkọ okòwò nìkan ló ń fi sílẹ̀. Kì í ṣe àṣẹ ìdáná. Ìwé kẹ̀kẹ́ náà, ọ̀tọ̀ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ náwó lé ni àyẹ̀wò ara, pàápàá àyẹ̀wò ìgbẹ́. Ẹ má sọ pé ara yín le. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù lè fara pamọ́ sínú àpò òróòro ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, kó máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, kó gba ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sínú oúnjẹ. Mary Mallon, alásè kan ní New York, ni wọ́n rí i bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ ní 1907. Wọ́n sé e mọ́ àdádó, wọ́n tún tú u sílẹ̀, ó yí orúkọ padà, ó sì padà sídìí ìkòkò, nílé ìgbẹ̀bí pàápàá. Wọ́n tún mú un, àdádó náà ló kú sí ní 1938. Ìdí tí a fi ń béèrè káàdì àyẹ̀wò ara lọ́wọ́ alásè nìyẹn, kì í ṣe pé a fẹ́ ni yín lára. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín kọ èsì láìgba ohunkóhun lára yín.

Ọ̀rọ̀ kúlà náà ń kọ mí lóminú. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó máa ń fi èèpo líle bo ara rẹ̀, tí kì í kú nínú ìrẹsì tó ń hó. Bí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ́, kòkòrò náà á jí, á pọ̀ sí i, á tu májèlé sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ bá gbé e kaná kò sì ní pa májèlé yẹn. Nítorí náà, kó gbóná ju 60°C lọ títí ẹ ó fi tà á. Èyí tó bá ti tutù ju wákàtí méjì lọ, ẹ má tà á, èyí tó ṣẹ́ kù lálẹ́ kò gbọ́dọ̀ di ti ọ̀la.

Ní ti owó tí ẹ̀jẹ́ǹtì gbà, Ìjẹ̀ṣà ni yín, Òṣómàáló, ẹ kúkú mọ bí a ṣe ń lóṣòó ti onígbèsè. Ẹ mú ẹlẹ́rìí dání, ẹ má bá a jà. Bó bá kọ̀, ẹ fi ẹ̀rí ìsanwó lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ sí káńsù, ẹ mú àbúrò yín lọ, torí òun ló máa bu oúnjẹ náà, òun náà gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò.