Èsì: Kí ló so kílọ́ọ̀bù rugby league mọ́ àwọn òṣìṣẹ́?

Bọ̀dá mi, ẹ bi wá pé kí ló dé tó jẹ́ àdúgbò àwọn awakùsà àti ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù rugby league (ẹ̀ka kan nínú eré bọ́ọ̀lù rugby) tí kì í gbowó ti jáde ní àríwá England. Ọ̀rọ̀ owó ló fà á o. Àwọn tó ń wa èédú àtàwọn òṣìṣẹ́ fáktírì, tí wọ́n bá fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù, owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn, àwọn aláṣẹ rugby wá fàáké kọ́rí pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ san án padà fún wọn, ló bá di pé ní 29 August 1895 àwọn kílọ́ọ̀bù pàdé ní George Hotel ní Huddersfield, wọ́n yapa, wọ́n dá Northern Union sílẹ̀, òun ló wá di rugby league; rugby tí wọ́n yà kúrò nínú rẹ̀ là ń pè ní rugby union. 1906 ni wọ́n dín agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kù láti 15 sí 13.

Ẹ wo Wigan St Patricks, 1910 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni, ibẹ̀ ni Andy Gregory, agbábọ́ọ̀lù rugby league, ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé láyé àtijọ́, ẹni tí ò gba kọ́bọ̀ rí, tó bá ti gbá league, ńṣe ni union máa ń lé e dànù, ìwà ìkà gbáà! Ìgbà tí wọ́n dá BARLA (British Amateur Rugby League Association, àjọ àwọn kílọ́ọ̀bù rugby league tí kì í gbowó) sílẹ̀ ní 1973 làwọn kílọ́ọ̀bù kéékèèké tó ń kú lọ tó rí ẹni gbèjà wọn.