Kí ló dé tí olóyè Gitxsan fi kọrin níwájú adájọ́?

Ẹnì kan béèrè ìdí tí Mary Johnson, tó ń jẹ́ oyè Antgulilibix, olóyè àwọn Gitxsan, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Kánádà, fi kọrin nílé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n ń bá ìjọba British Columbia ní Kánádà ṣẹjọ́ ilẹ̀.

Orin yẹn gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀. Láàrin àwọn Gitxsan, agbo ilé ló ni ilẹ̀, ìdí ìyá sì ni wọ́n fi ń mọ ọmọ agbo ilé. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀, adaawk, tó sọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá, odò tí wọ́n tẹ̀ dó sí àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn níbẹ̀. Orin arò máa ń bá ìtàn náà rìn. Ẹlòmíì kò gbọdọ̀ kọ ọ́ láìgbàṣẹ. Níbi àsè ńlá ni wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí lójú àwọn olóyè agbo ilé mìíràn, àwọn ni ẹlẹ́rìí. Bí irọ́ bá wọ̀ ọ́, wọ́n á ta kò ó. Ẹ wá wò ó: láti 1885 títí di 1951, òfin Kánádà ka irú àsè bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Láti 1927 sì ni òfin ti ní wọn ò gbọdọ̀ dáwó láti fi pe ẹjọ́ ilẹ̀, òun náà di 1951. Ìwà ìkà gbáà ni.

Ní 1984 ni àwọn olóyè Gitxsan àti ti Wet'suwet'en, ẹ̀yà aládùúgbò wọn, pe ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Delgamuukw, orúkọ oyè ọ̀kan lára wọn, lórí ilẹ̀ tó tó 58,000 kìlómítà níbùú lóòró. Adájọ́ Allan McEachern sọ fún Antgulilibix pé etí òun kì í gbọ́ orin. Ó kọrin náà síbẹ̀. Ní 1991, adájọ́ dá wọn lẹ́bi, kò sì ka ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sí.

Ní oṣù Kejìlá 1997, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Kánádà fagi lé ìdájọ́ yẹn. Ó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọsílẹ̀ ìwé. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé wọ́n gba ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, rárá o. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n tún ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n jókòó dúnàádúrà. Ẹjọ́ tuntun yẹn kò wáyé. Àwọn Tsilhqot'in, ẹ̀yà onílẹ̀ mìíràn ní British Columbia, ni ilé ẹjọ́ kan náà kọ́kọ́ kéde pé wọ́n ni ilẹ̀ wọn, ní 2014, èyí tó tó 1,750 kìlómítà níbùú lóòró, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà sì wà lára ẹ̀rí tí wọ́n fi gbà á.